Fọ́tò tí àwọn olórin rock and roll ìgbà àkọ́kọ́ buwọ́ lù: ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìrírí yín

Láti Woolwich, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ará. Ẹnì kan béèrè lánàá bí èèyàn ṣe lè rí fọ́tò tí Buddy Holly, olórin ọmọ Amẹ́ríkà yẹn, fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù láìbọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Mo ní ohun tí mo lè sọ sí i. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú, ibi iṣẹ́ yẹn gan-an ni mo sì ti kó ìfẹ́ àwọn fọ́tò wọ̀nyí.

Oṣù Kẹta ọdún 1958 ni Buddy Holly àti àwọn Crickets, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé sinimá Trocadero ní Elephant and Castle ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, wọ́n lọ káàkiri dé Sheffield, Newcastle àti Birmingham, wọ́n sì kọrin ní ilé sinimá Granada ní Woolwich níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ládùúgbò mọ ilé náà dáadáa, òun ni ìjọ Christ Faith Tabernacle ń lò báyìí. Gaumont State tó wà ní Kilburn, níbi tí wọ́n tún ti kọrin, náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ Ruach ló ni ín. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ṣe àìsùn nínú ilé tí Buddy Holly ti ta gìtá, tí a ò sì mọ̀!

Ìyá àgbà kan tí mò ń tọ́jú nígbà yẹn ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn mí. Inú agolo bisikíìtì ló kó o sí, pẹ̀lú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀. Fọ́tò náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, dúdú àti funfun, igun rẹ̀ kan ti ká. Holly ló wà láàárín pẹ̀lú awò ojú rẹ̀ tó nípọn, Jerry Allison àti Joe Mauldin, àwọn Crickets, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bírò búlúù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi buwọ́ lù ú. Bó o bá gbé e dẹ̀gbẹ́ síbi iná, wàá rí ibi tí ẹnu bírò ti tẹ bébà wọlé, wàá sì rí ibi tí yíǹkì ti dá díẹ̀ kó tó tún máa lọ. Lókè, Holly kọ orúkọ ìyá náà, ó sì kí i. Ọmọbìnrin ilé ìwé ni ìyá yìí nígbà tó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn Granada, tó ń retí kí àwọn olórin jáde. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀ pé ó kúrò nílé.

Orúkọ tó wà lókè yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fiyè sí. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í fẹ́ fọ́tò tí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíì sí. Wọ́n á ní ta ló fẹ́ gbé orúkọ ẹni ẹlẹ́ni kọ́ sára ògiri, nítorí náà owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. Lójú tèmi, òun ló yẹ kéèyàn máa wá kiri. Oníjìbìtì tó fẹ́ ṣe ayédèrú á jókòó kọ́ ọ̀rọ̀ méjì péré, Buddy àti Holly, títí ọwọ́ rẹ̀ á fi dá a. Bó bá wá di pé kó kọ orúkọ ẹnì kan kó sì kí i, lẹ́tà á ti pọ̀, a ó sì rí ohun tí a lè gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó dá wa lójú pé Holly ló kọ ọ́. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú. Èmi ò lè fi owó ńlá ra orúkọ ṣákálá mọ́ láé.

Ẹ wo ohun ìkọ̀wé náà o. Ọkùnrin kan gbé fọ́tò ńlá kan wá bá mi lọ́jà ọjọ́ Àìkú, ojú rẹ̀ ń dán, mákà dúdú kìjikìji ni wọ́n fi kọ orúkọ Holly sí i. Ó búra pé mákà Sharpie gidi ni, kò ní í parẹ́. Ọdún 1964 ni Sharpie jáde. Ọjọ́ kẹta oṣù Kejì ọdún 1959 ni ọkọ̀ òfurufú já lu ilẹ̀ nítòsí Clear Lake ní Iowa, tó pa Holly lọ́mọ ọdún méjìlélógún. Bébà fọ́tò náà tiẹ̀ tún jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú, tí kò sí láyé Holly. Mo dá a padà fún un, mo sì sọ ìdí rẹ̀ létí àwọn tó dúró tì wá.

Ritchie Valens, olórin bíi ti Holly, bá ọkọ̀ òfurufú yẹn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, òkìkí rẹ̀ ò tíì pé ọdún kan. Ẹni tó bá ní òun ní ìbuwọ́lù Valens rẹpẹtẹ fún títà, ẹ yára kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Láti Jámánì:

Ẹ̀gbọ́n Woolwich, ẹ ṣeun gan-an. Ti Elvis Presley ni tèmi. Àwọn tó kọ lẹ́tà sí i ní Memphis, ìlú tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé akọ̀wé ló bá a buwọ́ lu fọ́tò tí wọ́n rí gbà, òmíràn sì jẹ́ pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ìparí 1958 títí di oṣù Kẹta ọdún 1960, sójà ni Elvis níbí, ní Friedberg, ilé tó sì ń gbé wà ní Goethestrasse 14 ní Bad Nauheim. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níwájú ilé náà pé aago méje ààbọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ ni kí àwọn tó fẹ́ ìbuwọ́lù wá. Àwọn ọmọdé àdúgbò á sì tò síbẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ayẹyẹ Elvis níbẹ̀, mo sì máa ń lọ. Bàbá kan fi káàdì rẹ̀ hàn mí níbẹ̀, ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti kékeré. Mo ní kó tà á fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sáàárín Bíbélì. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ orúkọ ẹni ẹlẹ́ni yẹn kò wọlé fún ẹni tó fẹ́ tà lọ́la. Bí ẹ bá gbé e lọ sí gbàǹjo, owó díẹ̀ ni wọ́n máa dá lé e.

Láti Tennessee:

Ẹ kú ìjíròrò o. Little Richard ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1957, nígbà tí òkìkí rẹ̀ ń kàn jù, ó fi orin ayé sílẹ̀, ó lọ kọ́ nípa Bíbélì ní ilé ẹ̀kọ́ Oakwood ní Huntsville ní Alabama, ìlú náà ni wọ́n sì sin ín sí lọ́dún 2020. Ó tún padà sídìí orin láàárín, ó tún kúrò. Bó bá ń buwọ́ lùwé lọ́jọ́ ogbó, ó sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kún un. Àwọn kan kì í ra irú ẹ̀, ti ìgbà tí irun rẹ̀ ga fíofío ni wọ́n ń wá. Èmi gba ọ̀kan lẹ́bùn lọ́wọ́ ìyá ìjọ kan, ìfìwéránṣẹ́ ló bá dé ọwọ́ ìyá náà nígbà ayé Richard. Bírò ni wọ́n fi kọ ọ́. Ṣé kí n há a sí férémù kí n gbé e kọ́ pálọ̀?

Láti Woolwich:

Ẹ kú oríire! Ẹ má gbé e kọ́ síbi tí oòrùn ń wọlé o, yíǹkì bírò máa ń ṣá. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ̀dà ni kẹ́ ẹ gbé kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, kò ní ṣeé tú mọ́. Àpòòwé tó bá a dé ọ̀dọ̀ ìyá yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà? Bí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ bá ṣeé kà lára rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ tẹ̀yìn tiwájú kẹ́ ẹ fi hàn wá. Àbúrò mi ní Jámánì, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n èmi ò rà á láti tà.