Ta ló ń ránṣẹ́ sí gọ́ọ̀mù inú ọpọlọ?

Ọmọ_Físíọ́lọ́jì:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Lọ́dún tó kọjá wọ́n kọ́ wa pé níúrọ́ọ̀nù, sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri, ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, pé bíi gọ́ọ̀mù lásán ni glia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká. Lónìí olùkọ́ mìíràn wọlé, ó ní astrocyte, ọ̀kan lára àwọn glia yìí, náà ní rìsẹ́pítọ̀ (ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń gba iṣẹ́) glutamate àti ti noradrenaline lára, àwọn kẹ́míkà tí níúrọ́ọ̀nù fi ń ránṣẹ́. Kí ni gọ́ọ̀mù ń fi rìsẹ́pítọ̀ ṣe? Ìdánwò wa di ọjọ́ Ajé, ẹ gbà mí.

Ìyá_Astrocyte:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Orúkọ ló ṣì yín lọ́nà. Virchow, dókítà ará Jámánì, ló sọ wọ́n ní neuroglia (gọ́ọ̀mù iṣan) ní nǹkan bí 1856, ó rò pé ohun tó kàn lẹ iṣan pọ̀ ni.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi tọ́ astrocyte nínú ìgò, láti inú ọpọlọ ọmọ eku tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. A ó gbé ìgò sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ọ́n mọ́jú kí microglia (glia kéékèèké tó ń ṣọ́ ọpọlọ) tó lẹ̀ mọ́ wọn lè já. Lóru ọjọ́ kan iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ìgò mẹ́fà bá a lọ. Mo sunkún. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kán glutamate sí wọn lábẹ́ maikirosíkópù, pẹ̀lú àwọ̀ tó máa ń tàn bí calcium bá pọ̀, ọ̀kan tàn, ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà á, ó ń ru lọ bí omi odò. Mo ti kà á pé onímọ̀ Cornell-Bell àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní yunifásítì Yale ní 1990, àmọ́ kíkà yàtọ̀ sí kí ojú ẹni tó o.

Glutamate so mọ́ mGluR5, ọ̀kan lára rìsẹ́pítọ̀ rẹ̀, lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Eléyìí kì í ṣílẹ̀kùn fún sodium bíi ti níúrọ́ọ̀nù, inú ilé ló ń ránṣẹ́ sí: G protein jẹ́ ẹ, IP3 gbà á lọ (ìránṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni àwọn méjèèjì), calcium tú jáde nínú àká tí sẹ́ẹ̀lì kó o sí. Nítorí náà ni kò fi yá. Ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ló ń gbà, níúrọ́ọ̀nù ti sọ tirẹ̀ tán.

Fi wé àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà ò lẹ́nu. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fà ni "ọkàn mi fà sí ọ" ló gbọ́ ọ. Noradrenaline kan náà, bó bá rìsẹ́pítọ̀ alpha-1 lára astrocyte, calcium á lọ sókè. Bó bá beta, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ glycogen, ṣúgà tó kó pamọ́, astrocyte ló sì tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú glycogen ọpọlọ.

Ẹja_Kékeré:
Mà, mo gbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kọ mGluR5 sílẹ̀ bí òfin. Ọmọ eku jòjòló lẹ fi ṣe é. Ìwádìí kan nínú ìwé ìròyìn Science ní 2013 fi hàn pé bí eku bá ti dàgbà, mGluR5 ń dín kù gan-an lára astrocyte. Rìsẹ́pítọ̀ glutamate mìíràn, mGluR3, ló ń ṣẹ́ kù, ìyẹn kì í sì í tú calcium sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Noradrenaline ni kó dì mú. Ní 2019, àwọn ará ilé ìwádìí Janelia ní Amẹ́ríkà fi àwòrán tan ọmọ ẹja zebrafish jẹ: ó ń lúwẹ̀ẹ́, ojú kan náà ló wà. Níúrọ́ọ̀nù noradrenaline ń ké, calcium ń gbára jọ nínú astrocyte, nígbà tó yá ẹja jáwọ́. Nígbà tí wọ́n pa astrocyte náà lẹ́nu mọ́, ẹja ò tètè jáwọ́ mọ́. Gọ́ọ̀mù wo ló ń sọ fún ẹja pé ó tó gẹ́ẹ́?

Ìyá_Astrocyte:
Òótọ́ lo sọ. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ-ọwọ́ ni gbogbo tèmi. Mo gba ìbáwí.

Ọmọ_Físíọ́lọ́jì:
Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé microglia náà ní tirẹ̀?

Ìyá_Astrocyte:
Ó ní in. P2Y12 ni kó o kọ, ADP, kẹ́míkà tó ń jáde lára sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣèṣe, ló ń gbọ́. Bí ibì kan bá ṣèṣe nínú ọpọlọ, ọwọ́ microglia á na síbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè, kọ orúkọ rìsẹ́pítọ̀ náà kí o tó kọ iṣẹ́ rẹ̀; ibẹ̀ ni máàkì wà. Ẹ jẹ́ n lọ wo incubator, iná ti ń ṣẹ́jú.