Báwo ni kí n ṣe máa kẹ́ odídẹrẹ́ mi tí kò fi ní pa á lára?

Màmá Tiwa (Leeds)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Odídẹrẹ́ kan wà nílé wa, Àjọkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ mi tẹ́lẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún wa tòun ti ìwé rẹ̀, nígbà tí bàbá náà ń kó lọ sílé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogún ọdún. Bí ọmọ Yorkshire ló ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ti mọ "wá jẹun" báyìí, ohùn mi ló sì fi ń pe Tiwa.

Lálẹ́, á wá bà lé mi lórúnkún, màá máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn títí dé ìdí ìrù, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ológbò. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, bí mo bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á ju apá sílẹ̀, á wá bi oúnjẹ sí mi lọ́wọ́. Ọkọ mi kò lè sún mọ́ wa mọ́, Àjọkẹ́ ti gé ìka rẹ̀ jẹ. Tiwa, ọmọ ọdún méje, a sì máa fẹnu kò ó lẹ́nu kó tó lọ sílé ìwé. Ṣé àìsàn ni? Ibo gan-an la lè fọwọ́ kàn lára rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn ẹyẹ yìí gidigidi.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun (Ìbàdàn)

Màmá Tiwa, ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ń bì. Bó bá ń gbọn orí tí èébì ń ta sí gbogbo ìyẹ́ orí rẹ̀, tí kò sì jẹun dáadáa, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lónìí. Bó bá jẹ́ pé ó ń mi orí sókè sódò ni, tó wá rọra gbé e lé yín lọ́wọ́, nǹkan mìíràn nìyẹn.

Àǹtí Ẹlẹ́yẹ (Manchester)

Òótọ́ ni Bọ̀dá Ṣẹ́gun sọ. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹyẹ tí kò nílé mọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń rí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àjọkẹ́ ti fi yín ṣe ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yìn, abẹ́ apá àti ìdí ìrù, ẹni tí odídẹrẹ́ bá fẹ́ bá gùn ló ń fara kàn án níbẹ̀. Bọ́wọ́ yín bá ti ń gba ibẹ̀, ara rẹ̀ á rò pé àsìkò ẹyin ti tó. Oúnjẹ tó ń bì yẹn, bí wọ́n ṣe ń bọ́ ara wọn nínú ìtẹ́ ni. Lójú rẹ̀, ọkọ yín ló fẹ́ gba ẹni rẹ̀.

Ẹ má fojú kékeré wò ó o. Abo lè máa yé ẹyin lórí ẹyin láìsí akọ, títí kálísíọ̀mù ara rẹ̀ á fi gbẹ. Odídẹrẹ́ tiwa yìí ló sì ń tètè ní ìṣòro kálísíọ̀mù jù, gìrì ló máa ń gbé e. Ìdí ẹlòmíràn a máa yọ síta.

Orí àti ọrùn ni kẹ́ ẹ mú, kó sì jẹ́ pé òun ló bẹ̀ yín. Ẹ na ìka kan, kí ẹ dúró. Bó bá fẹ́, á tẹrí ba, á ṣí ìyẹ́ ẹ̀yìn ọrùn títí ẹ ó fi rí awọ, ojú rẹ̀ á sì padé díẹ̀. Ẹ wá fi orí ìka họ ọ́ ní òdì bí ìyẹ́ ṣe sùn, láti ẹ̀yìn ọrùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, dé abẹ́ àgbọ̀n. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá ara wọn ṣe é nínú igbó. Ẹ ó kan ìyẹ́ tuntun tó ṣóńṣó, tó ṣì wà nínú èèpo funfun. Tí èèpo náà bá ti gbẹ, ẹ fi ìka méjì rọra yí i, á fọ́ bí ẹfun. Tí ìdí rẹ̀ bá dúdú, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó ń dùn ún. Bí ìyẹ́ rẹ̀ bá sì lẹ̀ mọ́ ara lójijì, tàbí tí dúdú ojú rẹ̀ ń sún kì tó tún ń fẹ̀, ẹ mú ọwọ́ kúrò.

Ti Tiwa: kò gbọdọ̀ dì í mọ́ra. Ìgbà tí egungun àyà ẹyẹ bá ń lọ tó ń bọ̀ ló tó lè mí, bí wọ́n bá dì í pinpin, á kú láìpariwo. Ìfẹnukonu náà, ẹ dá a dúró. Kòkòrò tó wà nínú itọ́ wa lè ṣe ẹyẹ léṣe, tiwọn náà sì lè ràn wá: psittacosis ń mú ibà, ẹ̀fọ́rí àti ikọ́ gbígbẹ wá. Bẹ́nikẹ́ni bá ní irú rẹ̀ nílé yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ní odídẹrẹ́. Kí Tiwa dúró lókèèrè, kó máa fi ẹnu ṣe ìró ìfẹnukonu. Àjọkẹ́ á kọ́ ọ láìpẹ́, á sì máa dá a padà fún un.

Ẹ jẹ́ kó sùn nínú òkùnkùn fún wákàtí 10 sí 12. Ẹ má jẹ́ kó wọ abẹ́ àga tàbí inú bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìtẹ́ ló ń wá. Bó bá tún fẹ́ bì sí yín lọ́wọ́, ẹ má bá a wí, ẹ gbé e lé igi rẹ̀, kí ẹ fún un ní páálí tó máa fà ya.

Ọmọ Olódò Ọbà (Ìwó)

Ẹnìkan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ wá ọkọ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹyẹ tí wọ́n mú nínú igbó. Ìlú odídẹrẹ́ là ń pe Ìwó, síbẹ̀ a kì í sábà rí i lójú ọ̀run mọ́. Níbi ìpàdé CITES (àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí káràkátà ẹranko àti ewéko igbó) tó wáyé ní Johannesburg ní 2016 ni wọ́n ti fòfin de káràkátà èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Màmá Tiwa (Leeds)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ó ń mi orí sókè sódò ni, ó sì ń jẹun. Ọkọ mi wá ńkọ́? Ó ń dùn ún pé ẹyẹ kórìíra òun.

Àǹtí Ẹlẹ́yẹ (Manchester)

Ohun tó bá fẹ́ràn jù, ẹ má fún un mọ́, kó máa ti ọwọ́ bàbá nìkan wá. Ẹ gbìyànjú ẹyìn bẹ́ ẹ bá rí i rà, oúnjẹ wọn nínú igbó ni. Ẹ má lo ẹ̀pà eléèpo, ó máa ń ní èbu tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Kí bàbá kọ́kọ́ máa jù ú sínú àwo rẹ̀, kó kọjá lọ. Ìgbà tí Àjọkẹ́ bá ti ń sún mọ́ etí kéèjì bó bá rí i, ìgbà yẹn ni kó tó fi ọwọ́ na án sí i. Kí ẹ̀yin ti jáde nínú yàrá nígbà náà o.