Lórí “agbára òkùnkùn”: ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ nǹkan ká tó sọ ọ́ lórúkọ

Ẹ̀yin ará, okun o.

Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe fún àwọn olùkọ́ físíìsì láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún dark matter (ohun tí a kò lè rí, àmọ́ tí ìwúwo rẹ̀ ń fa àwọn ìràwọ̀) àti dark energy (ohun tó ń mú kí àgbáálá-ayé yára fẹ̀). Ọ̀gá wa láti Ìyàrà mú “èròjà òkùnkùn” àti “agbára òkùnkùn” wá. Àbúrò wa tó ń kọ́ni ní Mọ́pà ní “dúdú” ló sàn ju “òkùnkùn” lọ. Ẹnì kan láti Ìsánlú ní ká kúkú kọ “dáàkì mátà” àti “dáàkì ẹ́nájì”, kí kálukú máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọ̀gá, ẹ má bínú sí mi: “agbára òkùnkùn” ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tipẹ́. Ó wà nínú Bíbélì, Kólósè 1:13, wọ́n sì ń pè é nínú ìsọ́ òru gbogbo ní agbègbè wa. Tí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ kíláàsì pé agbára òkùnkùn ló kó ìdá 68 nínú 100 gbogbo ohun tó wà ní àgbáálá-ayé, ẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bà á, kò sì ní í ráyè ronú sí ìwọ̀n tí a ń sọ. Ìyẹn nìkan tó láti fi àbá náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó wà nínú “òkùnkùn” àti “dúdú” jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àṣìṣe físíìsì ni.

Ohun tó dúdú máa ń gba ìmọ́lẹ̀ mì, tàbí kó dí i lọ́nà, bí eruku ọyẹ́ ṣe ń bo àwọn òkè tó yí Kàbà ká. Irú eruku bẹ́ẹ̀ wà láàárín àwọn ìràwọ̀ pẹ̀lú. Àwọn ilà dúdú tí a ń rí láàárín ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó tẹ́ kọjá ojú ọ̀run lóru, eruku ni wọ́n, átọ́ọ̀mù bíi ti ara wa ló sì wà nínú wọn. Ọmọ tí a bá kọ́ ní “èròjà dúdú” yóò nàka sí ibẹ̀, yóò sì ṣì í. Ohun tí à ń wá orúkọ fún kì í tan ìmọ́lẹ̀, kì í gbà á mì, kì í dá a padà. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ nìkan ló ń tú u fó.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ pé ó wà ló yẹ kó darí wa. Ní 1933, onímọ̀ ìràwọ̀ Fritz Zwicky wo àgbájọ gàláksì (ọ̀wọ́ ńlá ìràwọ̀ ni gàláksì kọ̀ọ̀kan) tí wọ́n ń pè ní Coma, ó rí i pé àwọn gàláksì inú rẹ̀ ń sáré ju ohun tí ìwúwo àwọn ìràwọ̀ tó fojú rí lè dì mú lọ. Ní 1970, Vera Rubin àti Kent Ford wọn eré àwọn ohun tó ń yí inú gàláksì Andromeda ká. Ó yẹ kí eré náà máa dín kù bí a bá ṣe ń jìnnà sí àárín, bó ṣe rí fún àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí Òòrùn ká, ṣùgbọ́n kò dín kù bẹ́ẹ̀. Èyí tó lágbára jù lójú mi ni èyí tí àwọn onímọ̀ kéde ní 2006, nípa àgbájọ gàláksì méjì tó ti gba inú ara wọn kọjá. Gáàsì gbígbóná wọn kọlu ara wọn, ó sì fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwúwo máa ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá; nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìyẹn wá ibi tí ìwúwo wà, wọ́n bá èyí tó pọ̀ jù níwájú gáàsì náà, ó ti kọjá lọ láìfarakan ohunkóhun.

Nítorí náà ni mo ṣe dábàá “èròjà àfarasin”. Ohun tó fara sin wà níbì kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì lè tú àṣírí rẹ̀. Ẹnì kan lè ní kí ló dé tí a ò lo “àìfojúrí”. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ní iṣẹ́ nínú báyọ́lọ́jì: kòkòrò àìfojúrí ni à ń pe ohun tó kéré jù fún ojú lásán, tí máíkírósíkóòpù sì ń fi hàn. Èyí tí à ń sọ yìí kò ní awò tí yóò fi í hàn láé, bó ti wù kí awò náà lágbára tó.

Kí olùkọ́ sì ṣọ́ra fún “òòfà” nígbà tó bá ń ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ òòfà yóò ronú irin tó ń fa ìṣó, bẹ́ẹ̀ èròjà àfarasin kì í dá irú òòfà yẹn lóhùn. “Òòfà-ìwúwo” (gravity) ni kí a kọ níbi gbogbo, kí àmì ìsopọ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá pe èròjà àfarasin ní “tútù” (cold), eré ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe bí omi ṣe ń tutù. Wọ́n ní eré rẹ̀ kò súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀ rárá nígbà tí àwọn gàláksì ń kó jọ, ìdí nìyẹn tó fi lè dúró sójú kan kó sì fa gáàsì mọ́ra. Nẹutírínò, ẹyọ tíntìntín tó ń ti inú Òòrùn àti ibòmíràn wá, kì í bá ìmọ́lẹ̀ ṣe pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ jù, eré rẹ̀ sì pọ̀ jù, kò lè kó gàláksì jọ. “Èròjà àfarasin alọ́ra” àti “èròjà àfarasin asáré” ló yẹ ká kọ; “tútù” yóò ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ẹ̀rọ LZ, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀ nínú ibi ìwakùsà wúrà àtijọ́ ní South Dakota, ní Amẹ́ríkà, kó tọ́ọ̀nù 10 sẹ́nọ́ọ̀nù olómi (gáàsì tí wọ́n mú tutù títí ó fi di omi), ó ń dúró de ìgbà tí èròjà àfarasin alọ́ra yóò kọlu átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo níbẹ̀. Gáàsì rádọ́ọ̀nù tó ń jò wá láti ara irin àti òkúta lè ṣe bí ẹni pé òun ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá sì fọ rádọ́ọ̀nù kúrò, nẹutírínò láti inú Òòrùn ṣì kù, kò sì sí ògiri tó lè dá ìyẹn dúró. Ní 2024, ẹ̀rọ méjì irú rẹ̀, XENONnT ní Ítálì àti PandaX-4T ní Ṣáínà kéde àmì àkọ́kọ́ pé àwọn ti ń rí irú nẹutírínò bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku dark energy. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni “agbára” fúnra rẹ̀. Nínú ìwé wa, òun ni à ń lò fún ipá, òun fún iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, òun fún gbogbo nǹkan. Ẹ jẹ́ ká pín in: “ipá” ni a ń fi newton wọ̀n, “okun” ni a ń fi joule wọ̀n, “agbára” ni a ń fi watt wọ̀n. Àpò gàrí kílò 50 tí a gbé sókè ní mítà kan gba ipá bíi newton 490 àti okun bíi joule 490. Ẹni tó fi ìṣẹ́jú àáyá 2 gbé e lo agbára watt 245. Ẹni tó fi àáyá 5 gbé e lo watt 98, ṣùgbọ́n okun kan náà ni àwọn méjèèjì ná. Àwọn tó ní okun jẹ́ ìkíni wa, pé ó tún di orúkọ àwa ará Okun, kò yẹ kó wọ físíìsì, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rántí pé okun inú ni a fi ń gbé tìta. Ìtumọ̀ tí à ń wá ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló wá yẹ kó tẹ̀lé okun? Mo rí “okun ìfẹ̀” nínú àkọsílẹ̀ kan, kò tọ́. Àgbáálá-ayé ti ń fẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn, fún ọ̀pọ̀ nínú àkókò yẹn ni eré ìfẹ̀ náà sì ń dín kù, torí òòfà-ìwúwo ń fà á sẹ́yìn. Nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 5 sí 6 sẹ́yìn ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Yíyára yìí ni ẹgbẹ́ olùṣèwádìí méjì kéde ní 1998, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn Nobel fún Perlmutter, Schmidt àti Riess ní 2011. Okun tí à ń sọ yìí kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìfẹ̀, ó kàn mú un yára ni. “Okun amúfẹ̀yára” ni mo fara mọ́. Kì í ṣe pé ó pọ̀ lójú kan: nínú àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan, kò ju ìwúwo pùrótọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ibi tí kò sí.

Ẹ má ṣe jẹ́ ká da orúkọ yìí pọ̀ mọ́ “iye àìyẹ̀” (cosmological constant) tí Einstein fi sínú ìṣirò rẹ̀ ní 1917. Iye àìyẹ̀ ní okun náà kì í yí padà láéláé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta 2025, àwọn olùṣèwádìí DESI, tí ẹ̀rọ wọn wà lórí òkè Kitt Peak ní Arizona, fi gàláksì àti kúásà (àárín gàláksì tó ń tàn gidigidi) tó lé ní mílíọ̀nù 14 wọn ìfẹ̀ náà, wọ́n sì rí àmì pé ó lè jẹ́ pé okun náà ń rẹ̀. Láti sígímà (òṣùwọ̀n bí ẹ̀rí ṣe dájú tó) 2.8 sí 4.2 ni àmì náà tó, ó sinmi lórí ìràwọ̀ abúgbàù (supernova) tí wọ́n bá fi kún ìṣirò; 5 ni a ń béèrè ká tó ní a ti rí nǹkan. Bí orúkọ wa bá ti dájọ́ pé kò ní í yí padà, a ó tún un sọ lọ́la.

Àbúrò mi ní Mọ́pà, o béèrè nípa string theory, tíọ́rì tó ní ohun tíntìntín tó gùn ni gbogbo nǹkan ti pilẹ̀, o sì kọ “tíọ́rì okùn”. Wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Okun tó wà nínú irú okùn bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i bí a bá ṣe ń fà á gùn. Kọ gbólóhùn yẹn láìsí àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ṣe ń ṣe: “okun okun n po si i bi okun ba gun.” Kò sẹ́ni tó lè kà á. “Fọ́nrán” ni kí a lò. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń hun aṣọ ní Bùnú ni, ó sì tọ́ka sí ohun tó ní gígùn tí kò ní ìbú, èyí gan-an ni tíọ́rì náà ń sọ, tó sì kéré sí pùrótọ́ọ̀nù ní nǹkan bí ìlọ́po 10²⁰.

Inflation náà wà nínú àkójọ, ẹni tó tò ó sì ti kọ “ọ̀wọ́ngógó”. Ti ọjà nìyẹn! Ti àgbáálá-ayé ni wíwú tó wáyé láàárín ìdá kékeré àáyá kan, tí wọ́n ní ó sọ gígùn di ìlọ́po 10²⁶, ó kéré tán. Mo dábàá “ìwú òjijì”, ọ̀rọ̀ méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí “ìwúlójijì” yóò mú ojú òǹkàwé lọ sí “ìwúlò”.

Ọ̀rẹ́ wa ní Ìsánlú jàre níbì kan: kúákì, gílúọ́ọ̀nù, nẹutírínò àti Higgs jẹ́ orúkọ àwọn ẹyọ tíntìntín, kí a kọ wọ́n bí ètè wa ṣe ń pè wọ́n. Àwọn tó ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ nǹkan ni mo ń jà fún.

Ẹ bá mi ka èyí sí kíláàsì SS3 létí, kí ẹ sì kọ ibi tó bá há wọn lọ́fun ránṣẹ́: “Èròjà àfarasin alọ́ra ń fi òòfà-ìwúwo kó gàláksì jọ, okun amúfẹ̀yára sì ń mú kí àwọn àgbájọ gàláksì yára jìnnà síra wọn.”