Bí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá bá kọ̀ lórí Linux: ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ojú wa ti rí

Ará Kàbà

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ libxkbcommon ni mo bá wá. Òun ni library (kóòdù tí àwọn prógíráàmù mìíràn ń yá lò) tó ń sọ bọ́tìnnì tí a tẹ̀ di lẹ́tà lórí Linux tó ń lo Wayland, ìyẹn ètò tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà. GNOME ń lò ó, KDE náà ń lò ó; àwọn méjèèjì ni ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí Linux. Ó dùn mí pé àwọn èèyàn wa máa ń pààrọ̀ fọ́ńtì, tí wọ́n á tún Linux gbé sórí kọ̀ǹpútà látìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé library yìí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ni.

Àbúrò mi kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé níbí, ní Kàbà. Àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ tó ń wọlé fún un jù. Ẹnì kan fún un ní fáìlì kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n pè ní okun, ó sì gbé e sí ~/.config/xkb/symbols. AltGr (Alt ọwọ́ ọ̀tún) pẹ̀lú e ń mú ẹ jáde, AltGr pẹ̀lú o ń mú ọ jáde, àmọ́ ṣ kọ̀ jálẹ̀. "Ṣíṣí ìpàdé" wá di "íí ìpàdé" lórí ìwé tí akọ̀wé ẹgbẹ́ fẹ́ gbé lọ. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́tìnnì S ti bàjẹ́." Mo ní kó tẹ s lásán. Ó jáde wẹ́rẹ́. Bọ́tìnnì tó bá bàjẹ́ kì í mọ s yàtọ̀ sí ṣ, nítorí náà inú fáìlì yẹn ni ká lọ wò.

Ìlà tí mo ní kó tẹ̀ sínú terminal rèé:

XKB_LOG_LEVEL=debug XKB_LOG_VERBOSITY=10 xkbcli compile-keymap --layout okun 2>&1 >/dev/null | grep keysym

Lórí Ubuntu àti Debian, inú libxkbcommon-tools ni xkbcli, irinṣẹ́ tí a fi ń bi library náà léèrè, wà. Ìdáhùn tó wá kò gùn: ó sọ ìlà tó wà nínú fáìlì náà, ó ní òun ò mọ keysym (orúkọ tí library ń pe ohun tí bọ́tìnnì ń mú jáde) tó ń jẹ́ "sbelowdot". Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yé mi. ebelowdot àti obelowdot wà nínú orúkọ tí library náà mọ̀, nítorí pé àwọn ará Vietnam ń lo ẹ àti ọ. Wọn kì í lo ṣ, nítorí náà kò sí orúkọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ẹni tó kọ fáìlì náà rò pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, bí ẹnikẹ́ni yóò sì ti rò ó nìyẹn. Tí library bá pàdé orúkọ tí kò mọ̀, NoSymbol, ìyẹn òfìfo, ló máa fi síbẹ̀, yóò sì kọjá lọ. A fi U1E63 rọ́pò rẹ̀ fún ṣ kékeré, U1E62 fún Ṣ ńlá. Ó jáde, ó jáde wọ́nwọ́n!

Kí ló dé tí library náà kò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀? Ìpele márùn-ún ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní, XKB_LOG_LEVEL la sì fi ń yàn án: critical, error, warning, info, debug. Tí o kò bá fọwọ́ kàn án, error ni yóò dúró sí. Orúkọ tí kò mọ̀ sì jẹ́ warning lásán lójú tirẹ̀, kò ní là á fún ẹ. Fún àwa tí à ń kọ èdè wa, warning yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ kú iṣẹ́, Ará Kàbà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi lé e lórí VERBOSITY. Ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni LEVEL: LEVEL ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ le tó kó tó sọ ọ́, VERBOSITY ń sọ bí àlàyé yóò ṣe pọ̀ tó. Òdo ló máa ń wà, 10 ló sì ga jù. Nínú fáìlì tí mo ń tún ṣe, bọ́tìnnì kan náà wà níbi méjì, èyí tó wà nísàlẹ̀ sì ń borí tòkè. Tí o bá gbé verbosity kúrò lódo, yóò sọ fún ẹ pé òun lo èyí, òun pa ìyẹn tì. Tí o bá gbé e dé 10, yóò máa ro ẹjọ́ fáìlì mìíràn tí o fi include pè wọ inú tìrẹ náà pọ̀ mọ́ tìrẹ, ìlà á wá pọ̀ lọ jàǹrẹrẹ. Èmi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 1.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ C, ẹ ṣọ́ ibí yìí dáadáa. xkb_context_set_log_level kò lè ṣiṣẹ́ àfi lẹ́yìn tí context, ìyẹn ibi tí library ń kó ètò iṣẹ́ rẹ̀ sí, bá ti wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú xkb_context_new gan-an ni library ti ń to àwọn fóldà tó máa wá fáìlì rẹ lọ. Tó bá jẹ́ fóldà ni wàhálà rẹ, ọ̀rọ̀ ti kọjá kí o tó sọ pé kó sọ ọ́. Ẹ fi XKB_LOG_LEVEL sílẹ̀ kí prógíráàmù tó bẹ̀rẹ̀. Tàbí kẹ̀, ẹ dá context pẹ̀lú XKB_CONTEXT_NO_DEFAULT_INCLUDES, ẹ gbé ìpele sókè, kí ẹ tó wá pe xkb_context_include_path_append_default.

Ìyàrà ni mo wà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Àmì ohùn ni èmi ń bá jà. ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, U+1EB9 àti U+0301 ló ń pàdé di ẹ́. Mo fi U0301 sí bọ́tìnnì kan, mo wá fi xkbcli interactive-wayland wò ó. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ni ó ń fi keysym àti Unicode hàn lójú ẹsẹ̀, títí kan level tí bọ́tìnnì náà wà (bóyá lásán, pẹ̀lú Shift tàbí pẹ̀lú AltGr; kì í ṣe LEVEL tòkè yẹn).

Ẹ jọ̀ọ́ o, gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ sí ojú fèrèsé rẹ̀ ló máa hàn gbangba. interactive-evdev tiẹ̀ le jù, nítorí pé ọ̀dọ̀ kíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló ti ń gbọ́, fèrèsé yòówù kí ẹ máa tẹ̀wé sí. Ẹ má tẹ password báńkì yín nígbà tó bá ṣí sílẹ̀, ẹ má sì ya fọ́tò ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó kà á tán. Ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà, ẹ fi Ctrl+C pa á kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀.