Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ẹ̀kọ́ aṣáájú láwọn abúlé Òkè-Ògùn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn obìnrin láwọn abúlé tó yí Ìsẹ́yìn ká bí wọ́n ṣe lè darí ìpàdé, kí wọ́n ṣírò owó ẹgbẹ́, kí wọ́n sì kọ̀wé sí káńsù tí ẹ̀rọ omi bá bàjẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ṣe é, torí tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, oko ni gbogbo wọn ń wà.

Ọ̀rọ̀ àwọn baálẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Tá a bá ní kí wọ́n bá wa yan èèyàn, ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ wọn nìkan ni wọ́n á mú wá. Tá ò bá sì lọ kí wọn, ta ló máa gbà wá sílé? Mo sì fẹ́ káwọn Fúlàní tó ń gbé nítòsí wà níbẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe yan àwọn tó wá?