"Atúfin" kẹ̀?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o, bá a ṣe jọ ń wá orúkọ Yorùbá fún àwọn ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù. Bọ̀dá wa tó kọ̀wé lálẹ́ àná ní ká máa pe Sùprímù Kọ́ọ̀tù ní "Ilé Atúfin" torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń túmọ̀ òfin. Ẹ jù mí lọ sà, àmọ́ "tú" yẹn ò bá mi lára mu rárá. Ìlú tó bá tú, ṣé ó ṣì kù? "Mọ̀" tó wà nídìí "túmọ̀" ló gbà á là, tẹ́ ẹ bá wá yọ ọ́ tẹ́ ẹ fi òfin rọ́pò ẹ̀, ẹ ti tú òfin ká nìyẹn. Ẹni tí ò bá sì fàmì sí i á kà á bí ẹni tó ń fa òfin tu, arúfin náà sì rèé, wọ́n jọ fẹ̀gbẹ́ kan ògiri ni.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ná. Ní January 2006, nígbà tí Kábíyèsí Ládọjà, Ọlúbàdàn wa òní, ṣì jẹ́ gómìnà, aṣòfin 18 nínú 32 lọ jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì n'Íbàdàn, wọ́n ní àwọn ti yọ wọ́n. Nígbà tó di December, Sùprímù Kọ́ọ̀tù ní irọ́ ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ni ìwé òfin wí, ìyẹn 22 ó kéré tán. Lọ́dún kejì tí ẹjọ́ Dariye dé láti Plateau, níbi tí aṣòfin 8 nínú 24 ti yọ gómìnà, ọ̀nà tí wọ́n ti là fún Ládọjà náà ni wọ́n gbà. Kí ni wọ́n tú níbẹ̀? Wọ́n so ó pinpin ni!

Bàbá bàbá mi máa ń bá wọn parí ẹjọ́ ilẹ̀ láàfin, ọ̀rọ̀ wọn ò ju "ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí" lọ. Torí ẹ̀ ni mo fi ní ká máa pe ìdájọ́ tí wọ́n á máa tẹ̀ lé nínú ẹjọ́ tó bá jọ ọ́ lẹ́yìn náà, "precedent" tí òyìnbó ń wí, ní "ìdájọ́ alànà", ṣebí "là" yẹn náà ló wà nínú "ìlànà". (Ẹni tó dábàá "ìdájọ́ àtọ̀", ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ wa ń ka ibí yìí.)

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n lọ kọ́ lọ́ọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, gírámà ni mo fi ń jẹun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ lọ́ọ̀ náà ṣì ń jà lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 nínú ẹjọ́ ìbò ààrẹ Awólọ́wọ̀ àti Shagari láti 1979, Adájọ́ Káyọ̀dé Èṣó ti Sùprímù Kọ́ọ̀tù gan-an ò bá àwọn adájọ́ tó kù fohùn ṣọ̀kan. Ẹ sì tún kọ "kòtẹ́milọ́rùn" bí ọ̀rọ̀ mẹ́rin, ta ló kọ́ yín?