Pálọ̀ màmá wa ní Iléṣà: ọ̀dà wo ni ká kùn ún, kí ló sì kàn lẹ́yìn rẹ̀?

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó pẹ́, torí àwọn ará ilé wa fẹ́ ra ọ̀dà lọ́sẹ̀ yìí.

Ilé bàbá wa ní Ìsọ̀kùn, n'Íléṣà, la ń tún ṣe. Ọdún FESTAC, 1977, ni bàbá parí rẹ̀. Owó òṣòmàáló ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bíríkì alámọ̀ ni, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú àti lóde. Bàbá ti lọ sinmi. Màmá ló kù níbẹ̀, pẹ̀lú ọmọ àbúrò mi kan tó ń lọ sílé ìwé. Àwa ọmọ dáwó jọ, a ká páànù tó ń jò lórí pálọ̀, a fi tuntun sí i, a pààrọ̀ wáyà iná, bíríkìlà sì gé gbogbo pílásítà tó ti ń ṣí, ó tún un rẹ́. Oṣù tó kọjá ló parí. Ó wá ku ọ̀dà.

Pálọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, ó fẹ̀ tó 12, gíga rẹ̀ jẹ́ 10. Ó ní fèrèsé mẹ́ta àti ìlẹ̀kùn méjì. Ìwọ̀ oòrùn ni iwájú ilé kọ sí, báránǹdà sì jìn, nítorí náà inú ilé máa ń ṣú láàárọ̀. Ó di nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó rọ́ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọ̀ eérú ni ká kùn ún, pé òun ló wà lóde báyìí. Èmi fẹ́ kíríìmù. Màmá ní àwọn ò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì, àwọ̀ ewé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn fẹ́, torí bàbá ló yàn án. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ojú màmá ò ríran dáadáa mọ́. Bàìbàì ni wọ́n ń ríran, alẹ́ ló sì burú jù. Wọ́n máa ń fọwọ́ tọ́ ògiri kí wọ́n tó dé ìlẹ̀kùn.

Ìbéèrè kejì: owó díẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ṣé ká fi ṣe àjà POP ni, àbí ká fi táìsì sí ilẹ̀? Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì, Ìjámọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, àǹtí mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí màmá jẹun ọmọ pẹ́.

Ẹ má gba àwọ̀ eérú lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Inú ilé tí gílóòbù pọ̀ sí, tí fèrèsé rẹ̀ sì fẹ̀, ló ti máa ń dára. Nínú pálọ̀ tó ń ṣú láàárọ̀, ṣe ló máa dà bíi pé òjò ń bọ̀ látòwúrọ̀ dalẹ́. Èmi kùn ún sí yàrá mi tó wà lẹ́yìn ilé, ojú ọjọ́ kan náà ni mo ń rí níbẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Kíríìmù ni kẹ́ ẹ kùn.

Pẹ́ńtà Lágere:
Ẹ kú ilé títúnṣe o. Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Kí a tó sọ̀rọ̀ àwọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ògiri.

Ẹ ní oṣù tó kọjá ni wọ́n rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì tuntun nílò ọjọ́ 28, ó kéré tán, kó tó gba ọ̀dà, àkókò ẹ̀ẹ̀rùn sì nìyẹn. Nínú òjò tí à ń rí yìí, ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Tí ẹ bá kùn ún nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi náà á wá ọ̀nà jáde, á sì ti ọ̀dà síwájú. Ẹ ó rí i tó ń wú, tó ń bó, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń yọ jáde lára ògiri. Iyọ̀ inú sìmẹ́ńtì àti inú ilẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ń kun ọ̀dà lé e léraléra, kò ní dúró.

Ẹ dán an wò báyìí: ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó fẹ̀ tó ìwé kan, kẹ́ ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yíká, kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, ògiri ò tíì gbẹ nìyẹn. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe ti ibì kan ṣoṣo.

Ẹ̀kejì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín ra ọ̀dà olóròóró láti fi bo ìsàlẹ̀ ògiri tó ń rin. Bíríkì alámọ̀ máa ń mí. Tẹ́ ẹ bá dí i nínú, omi á gun òkè sí i ni. Ọ̀dà olómi ni kẹ́ ẹ lò, kó jẹ́ irú èyí tó ṣeé fi aṣọ tútù nù, torí ọwọ́ tí màmá fi ń tọ́ ògiri á máa dọ̀tí síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àgbà, Bọ̀lọ̀rúndúró:
Ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà yìí dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, tówó bá ti wọlé, wọn kì í bìkítà bóyá ògiri gbẹ.

Màá fi kan kún un. Ọdún 1977 tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn: ẹ wo àjà ilé náà dáadáa. Tó bá jẹ́ àwọn pátákó eérú tó le, tó rí bíi sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì. Àwọn ni wọ́n ń lò nígbà náà. Tí kò bá tíì fọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi sáńpépà ha á, ẹ má sì lu ihò sí i. Eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ lè kun ọ̀dà bò ó bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tú u kúrò nítorí POP, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ni kẹ́ ẹ pè. Kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó tú u, kí màmá àti ọmọ yẹn sì má sí nílé. Bákan náà ni ọ̀dà dídán àtijọ́ tó wà lára ìlẹ̀kùn àti fèrèsé: òjé lè wà nínú rẹ̀. Ẹ fi omi sí i kẹ́ ẹ tó ha á, kẹ́ ẹ sì kó èérún rẹ̀ dànù kí ọmọdé má fi ṣeré.

Nọ́ọ̀sì Ayésò:
Àǹtí, ohun tẹ́ ẹ sọ nípa ojú màmá ló mú mi dá sí i. Gbogbo wa ń jà lórí àwọ̀ tó rẹwà, èmi ń ro ẹni tó máa gbé inú rẹ̀.

Ojú àgbà tó ń ríran bàìbàì kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín nǹkan méjì tí àwọ̀ wọn sún mọ́ra. Tí ògiri bá jẹ́ kíríìmù, tí ìlẹ̀kùn jẹ́ kíríìmù, tí táìsì ilẹ̀ náà tún jẹ́ kíríìmù, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí, wọn ò ní mọ ibi tí ògiri parí sí tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ́lẹ̀. Férémù ìlẹ̀kùn ni kẹ́ ẹ kùn ní àwọ̀ tó ṣú, kó hàn gedegbe. Bọ́tìnnì iná náà, ẹ kun àwọ̀ tó ṣú yí i ká. Tí àtẹ̀gùn bá wà láti báránǹdà sí pálọ̀, ẹ fa ìlà ọ̀dà tó mọ́lẹ̀ sí etí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Etí àtẹ̀gùn ni àwọn àgbà ti máa ń ṣubú jù.

Ọ̀dà dídán kọ́ ni kẹ́ ẹ kùn sára ògiri o. Oòrùn aago mẹ́rin tẹ́ ẹ sọ yẹn á máa kọ mànà lára rẹ̀, á sì gún màmá lójú. Táìsì tó ń dán náà ńkọ́? Ó ń kọ mànà, ó sì ń yọ̀ tí omi bá dà sí i. Èyí tí ojú rẹ̀ kò dán, tí kì í yọ̀, ni kẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà.

Ẹ dákun, ṣé ẹ ti gbé màmá lọ fi ojú han dókítà? Ìríran bàìbàì àgbà, lọ́pọ̀ ìgbà, awẹ́ inú ẹyinjú ló ń ṣú, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi ń yọ ọ́. Ilé ìwòsàn Wesley Guild kò jìnnà sí Ìsọ̀kùn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kí owó POP tó jáde, kí owó ojú kọ́kọ́ jáde.

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Ẹ ṣeun gan-an, nọ́ọ̀sì wa. Àbúrò mi obìnrin á gbé wọn lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Mo pe ilé lánàá, ọmọ yẹn sì lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri bí pẹ́ńtà ṣe wí. Ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Òkè gbẹ ketekete níbi gbogbo. Ìsàlẹ̀ ògiri iwájú náà gbẹ. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ògiri apá òsì, láti ilẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún, omi sẹ̀ jọ sẹ́yìn ọ̀rá títí ó fi ń kán sílẹ̀. Kí ló fa ìyẹn? Páànù ò jò mọ́ o.

Bíríkìlà Modákẹ́kẹ́:
Ilẹ̀ ni omi yẹn ti ń bọ̀, kì í ṣe òkè. Ẹ ní kí wọ́n lọ wo ìta ògiri yẹn. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilẹ̀ ìta ti ga ju ilẹ̀ inú pálọ̀ lọ, tàbí kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni omi páànù ń dà sí. Tí òjò bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ láti 1977, erùpẹ̀ á máa wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ilé ayé ìgbà yẹn kì í sábà ní ọ̀rá tí wọ́n ń tẹ́ sórí ìpìlẹ̀ láti dí omi, bíríkì alámọ̀ á sì máa fa omi náà gòkè.

Nítorí náà, owó tó kù nílẹ̀ yẹn, ìta ni kó lọ. Ẹ gbẹ́ erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri náà kúrò títí yóò fi relẹ̀ ju ilẹ̀ inú lọ. Ẹ da kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀bá ìpìlẹ̀, kó dagun síta kí omi lè máa ṣàn lọ. Ẹ so gọ́tà mọ́ etí páànù, kẹ́ ẹ darí omi rẹ̀ sínú kòtò. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jẹ́ kí ògiri gbẹ fúnra rẹ̀. POP ò sá lọ.

Ọmọ Ifẹ̀ Oòdáyé:
Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí bíríkìlà sọ. Ẹ má gé báránǹdà yẹn kúrúrú o, nítorí pé inú ilé ṣú! Mo mọ̀ pé ẹnì kan á dá a lámọ̀ràn. Ẹ lọ wo àwọn ilé ìgbàanì tó wà nínú ọgbà yunifásítì OAU níbí, èyí tí Arieh Sharon ya àwòrán wọn láti àwọn ọdún 1960. Òrùlé àti àjà òkè wọn yọ síta gan-an, kí oòrùn àti òjò má bàa lu ògiri. Iṣẹ́ kan náà ni báránǹdà bàbá yín ń ṣe. Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ fi wá ìmọ́lẹ̀: ẹ kun àjà báránǹdà àti àjà pálọ̀ ní funfun tí kò dán, ìmọ́lẹ̀ ìta á lù ú, á sì bọ́ sínú ilé.

Lórí ti màmá: àwọ̀ ewé tí bàbá yàn, kí ló dé tí ẹ fẹ́ pa á rẹ́? Ẹ fi kun férémù àti ìlẹ̀kùn méjèèjì, kó jẹ́ àwọ̀ ewé tó ṣú dáadáa. Ohun tí nọ́ọ̀sì wí ti ṣẹ nìyẹn, màmá náà á sì rí ohun tí wọ́n ń wá.

Ìyá Ìbejì, Ìjámọ̀:
Ọmọ Ifẹ̀, o ṣeun! Ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sétí màmá lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìlẹ̀kùn náà ni mo kúkú ń wá." Wọ́n gbà. Ẹ̀gbọ́n mi náà gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ń sọ pé òun á kun àwọ̀ eérú sí ilé tirẹ̀.

Ìta ògiri yẹn rí bí bíríkìlà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Erùpẹ̀ ti ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan níbẹ̀, koríko sì ti hù lé e. A máa bẹ̀rẹ̀ gbígbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. A ti fagi lé POP.

Pẹ́ńtà, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni ká rà nínú ọ̀dà, ìgbà wo sì ni ká kùn ún?

Pẹ́ńtà Lágere:
Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 56 yíká. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ó di 560. Tẹ́ ẹ bá yọ fèrèsé àti ìlẹ̀kùn kúrò, ó kù bíi 470, ìyẹn tó mítà 44 níbùú lóròó. Lítà kan ọ̀dà gidi ń kun nǹkan bíi mítà 10 níbùú lóròó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa kùn ún, ó di lítà 9. Ògiri tuntun máa ń mu ọ̀dà, nítorí náà ẹ ra gálọ́ọ̀nù onílítà 4 mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ra bọ́kẹ́ẹ̀tì onílítà 20. Ẹ rà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí tí wọ́n bá tún un pò fún yín lọ́jọ́ mìíràn, àwọ̀ rẹ̀ lè má bá ti àkọ́kọ́ mu. Tẹ́ ẹ bá lọ sí ọjà Àtàkúnmọ́sà, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi igi rò ó. Èyí tó bá ń ṣàn kúrò lára igi bí omi, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Kí ẹ tó kun gbogbo rẹ̀, ẹ ra kékeré, ẹ kun ìwọ̀n ìbú apá méjì sí ògiri iwájú àti sí igun tó ṣú jù. Ó máa ń ṣú díẹ̀ sí i tó bá gbẹ. Kí màmá wò ó láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, àti lálẹ́ tí iná bá wà.

Ọ̀dà àkọ́kọ́, ẹ fi omi là á díẹ̀. Àjà lẹ máa kọ́kọ́ kùn, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ògiri, kẹ́ ẹ fi ìlẹ̀kùn kádìí rẹ̀. Ní ti ìgbà, ẹ jẹ́ kí òjò dá pátá. Oṣù kọkànlá dára, kí eruku ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ẹ tún lẹ ọ̀rá mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri apá òsì yẹn nígbà náà. Tí omi bá ṣì sẹ̀, ẹ kun ògiri mẹ́ta, kẹ́ ẹ fi ìkẹrin sílẹ̀ di oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀.